Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Yẹn Kò Ní Orúkọ Lára?

A tún dé pẹ̀lú abala tiwa nínú ìwé ìròyìn ẹbí yìí, níbi tí a ti máa ń dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ. Bí a ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí Bàbá tàbí Ìyá kà á sókè nídìí oúnjẹ alẹ́. Ibi tí Yorùbá rẹ̀ bá ti le, ẹ bá wọn túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo rẹ̀ di gẹ̀ẹ́sì tán o.

Ìbéèrè tọ̀tẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní Downtown lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n rí àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó wà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hítílà. Àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kun ọkọ̀ náà láti òkè délẹ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wá béèrè pé: "Ṣé ọkọ̀ yẹn kò ní ẹni tó ni ín ni? Ẹrù ló ń kó, kì í jà. Kí ló wá ń sá fún?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn kúkurú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ní ẹni tó ni ín, ó sì ní orúkọ. Wọ́n fi ọ̀dà bo orúkọ náà mọ́lẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀tá ń ṣọ́ ọ. Ìdáhùn gígùn rẹ̀ ló kù tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

KÍ LÓ KAN ATLANTA NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ ÒKUN?

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Àwa ará Atlanta kẹ̀? Òkun wo ló wà níbí?" Òótọ́ ni. Láti Downtown, èèyàn á wa mọ́tò tó bíi wákàtí mẹ́rin kó tó dé Savannah tó wà nítòsí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ojú irin ló bí ìlú yìí. Ibi tí ojú irin Western and Atlantic parí sí ni ìlú ti hù jáde, Terminus gan-an ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin bá kó dé etí òkun, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e kọjá.

Nígbà ogun, ìpínlẹ̀ Georgia wa yìí kan ọkọ̀ ojú omi púpọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń pè ní Liberty ship, 2,710 ni gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà kàn. Savannah kan 88 nínú wọn, Brunswick sì kan 85. Ogun náà sì dé ẹnu ọ̀nà Georgia. Ní April 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì kan, U-123, yin ọkọ̀ elépo méjì ní tọ́pídò nítòsí erékùṣù St. Simons. Atukọ̀ 22 ló kú. Tọ́pídò yìí, ẹ̀yin ọmọ, àdó olóró ni, ó ń sáré lábẹ́ omi bí ẹja. Nígbà yẹn, iná àwọn ìlú etíkun Amẹ́ríkà ṣì ń tàn yòò lóru, bí ọkọ̀ bá sì kọjá níwájú iná náà, ọ̀tá tó wà lójú òkun á rí òjìji rẹ̀ kedere.

ỌKỌ̀ TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ̀

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó di ohun tí gbogbo èèyàn ń wọ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn àti ẹrù láti Èkó lọ sí ìlú òyìnbó. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool ló lókìkí jù nínú iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn: Accra, Apapa, Abosso, Aba. Kódà ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ilorin. Wọ́n ń kó epo pupa, ẹkùrọ́, kòkó àti ẹ̀pà lọ, wọ́n sì ń kó aṣọ, irin àti àwọn èèyàn bọ̀.

Àwọ̀ ìyeyè ni òpó èéfín ọkọ̀ Elder Dempster. Ẹni tó bá dúró ní Marina l'Ékòó, tó sì rí òpó èéfín oníyeyè lókèèrè, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọkọ̀ wo ló ń bọ̀. Nídìí ọkọ̀, wọ́n ń ta àsíá pupa kan tó ní àsíá ilẹ̀ Britain ní igun òkè. Red Ensign ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọkọ̀ oníṣòwò Britain ló ń ta á, títí kan èyí tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Sierra Leone ló ń da èédú sí iná rẹ̀, tó ń se oúnjẹ rẹ̀, tó sì ń fọ ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà àti àsíá nígbà àlàáfíà nìyẹn: kí ará ilé àti ará oko lè dá ọ mọ̀.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní September 1939, gbogbo rẹ̀ sì yí padà. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun òpó èéfín oníyeyè. Wọ́n pa orúkọ ọkọ̀ rẹ́. Lálẹ́, wọ́n á bo gbogbo fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí sìgá níta. Wọn kì í da ìdọ̀tí sómi lọ́sàn-án, torí pé páálí àti èèpo ọsàn tó bá léfòó lè fi ọ̀nà ibi tí wọ́n gbà han ọ̀tá. Wọ́n á máa ṣọ́ èéfín pàápàá kó má bàa gòkè jù, nítorí èéfín ni ọ̀tá kọ́kọ́ máa ń rí kó tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ọ̀dà eérú ń sọ ọkọ̀ di àìrí bíi ti inú àlọ́ o. Ó kàn ń jẹ́ kó ṣòro díẹ̀ fún ojú láti ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi àti ìkúùkù ni. Kódà ó ní ibi tí àwọ̀ funfun ti dára jù ú lọ. Ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ẹyẹ, Peter Scott, wà nínú ọkọ̀ ogun Britain. Ó ṣàkíyèsí pé ní ìhà àríwá Àtìláńtíìkì, níbi tí ìkúùkù ti pọ̀, ọkọ̀ dúdú máa ń hàn lóru bí ẹni tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá mọ́ fírí, tó jọ funfun, máa ń pòórá mọ́ ojú ọ̀run. Ní 1940 ó fi ọ̀dà funfun àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kun ọkọ̀ tiwọn, àwọn ọ̀gá ológun sì gba àbá náà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣọ́ òkun yẹn.

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe nígbà yẹn á pa yín lẹ́rìn-ín. Ní 1917, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Norman Wilkinson sọ pé bí a kò bá lè fi ọkọ̀ pa mọ́, ẹ jẹ́ ká fi da ojú ọ̀tá rú. Wọ́n wá kun ọkọ̀ ní dúdú, funfun àti búlúù, ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó wọ́, bí ẹni fi àdìrẹ wọ ọkọ̀ láṣọ. Ọ̀tá á rí ọkọ̀ náà o, ṣùgbọ́n kò ní tètè mọ ibi tí iwájú rẹ̀ wà tàbí apá ibi tó kọjú sí. Ó lé ní 2,000 ọkọ̀ Britain tí wọ́n kùn báyìí. Wọ́n ṣèwádìí lẹ́yìn náà bóyá ó dáàbò bo ọkọ̀ ní tòótọ́, ìdáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn atukọ̀ balẹ̀ sí i.

ÀWỌN TÍ KÒ FI ARA WỌN PA MỌ́

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló fara pa mọ́. Orílẹ̀-èdè tí kò bá dá sí ogun máa ń ya àsíá rẹ̀ gbàgàdà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, kí gbogbo ayé lè rí i pé "Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà." Ohun tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe nìyẹn kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun ní December 1941.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Robin Moor. Ó gbéra láti New York, ó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, àsíá Amẹ́ríkà sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Ní May 21, 1941, lójú òkun níwájú Sierra Leone, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan tó ń jẹ́ U-69 dá a dúró. Èèyàn 46 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ kékeré kan sì wà láàárín wọn. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n sì rì í. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn èèyàn náà fi wà lójú òkun kí ọkọ̀ mìíràn tó rí wọn. Ọpẹ́ ni pé gbogbo wọn yè. Ààrẹ Roosevelt bínú gan-an, ó sì kọ̀wé sí Kọ́ńgíréèsì lórí rẹ̀ ní oṣù June.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí o. U-69 yìí kan náà ló tún yọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìparí oṣù May yẹn, tó rọra rì àwọn àdó olóró síbẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní June 4, ọkọ̀ kan tó ń gbẹ́ yanrìn kúrò ní ojú ọ̀nà omi, Robert Hughes, forí gbá ọ̀kan nínú wọn, ó sì rì. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ogun yẹn kò kan Èkó, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni.

Ọkọ̀ Aba tiẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà sọ? Ọkọ̀ Elder Dempster lòun náà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di ilé ìwòsàn orí omi. Òfin àgbáyé ní kí wọ́n kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní funfun, kí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé fa ìlà kan yí i ká, kí wọ́n ya àgbélébùú pupa sí i lára, kí wọ́n sì tan gbogbo iná rẹ̀ lóru. Nígbà tí àwọn yòókù wà nínú òkùnkùn, Aba ń tàn bí ilé ìyàwó. Síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ju àdó olóró lù ú nítòsí Crete ní May 1941. Kò rì. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ogun fi parí.

Ẹ ò rí i? Èyí tó fara pa mọ́ kò bọ́ pátápátá, èyí tó kéde ara rẹ̀ náà kò bọ́ pátápátá. Kí ló wá gba ọ̀pọ̀ là?

KÍKỌ́WỌ̀Ọ́RÌN

Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó, Takoradi, Cape Town àti ibòmíràn máa ń kóra jọ sí Freetown ní Sierra Leone, nítorí èbúté ibẹ̀ gbòòrò gan-an. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti jọ gbéra lọ sí Britain, tí ọkọ̀ ogun á máa ṣọ́ wọn. Kọ́ńfọ́ì ni wọ́n ń pè é. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: wọ́n kọ́wọ̀ọ́rìn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Òkun tóbi. Bí ọkọ̀ 40 bá tú káàkiri, ọ̀tá ní ibi 40 tó ti lè ṣalábàápàdé wọn. Bí wọ́n bá jọ ń lọ lójú kan, gbogbo òkun tó kù á ṣófo, ọ̀tá sì lè wá wọn títí kó má rí nǹkan kan. Bó bá sì rí wọn, kì í ṣe àwọn nìkan ni yóò bá níbẹ̀, yóò bá ọkọ̀ ogun tó ń dúró dè é.

Ibí ni iṣẹ́ àsíá ti wá dùn. Wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí wáyáléèsì, torí ọ̀tá ń fetí kọ́ ọ. Àsíá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipò tirẹ̀: ìlà wo ló wà, ìkelòó sì ni nínú ìlà náà. Bí ọ̀gá kọ́ńfọ́ì bá fẹ́ kí gbogbo wọn yà sọ́tùn-ún, yóò ta àsíá, àwọn yòókù á ta irú rẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n ti rí i. Ìgbà tí ọ̀gá bá sọ àsíá náà kalẹ̀ ni gbogbo wọn á yà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìkúùkù bá bolẹ̀ tí àsíá kò hàn mọ́, ọkọ̀ tó wà níwájú á so nǹkan kan mọ́ okùn gígùn, á máa wọ́ ọ lẹ́yìn, nǹkan náà á máa ta omi sókè, kí ẹni tó ń tẹ̀ lé e lè rí ibi tí yóò gbà.

Òfin kan wà tí a fẹ́ kí ẹ di mú: bí ọkọ̀ tó lọ́ra jù nínú wọn bá ṣe lè sáré tó ni gbogbo wọn máa ń sáré mọ. Ọkọ̀ tó bá rẹ̀yìn, tó dá wà, òun ni ọ̀tá máa ń ṣọ́. Abosso lè sáré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kó máa dá rìn láti Cape Town lọ sí Liverpool ní October 1942. U-575 bá a lójú òkun lóru. Èèyàn 362 ló bá a lọ, 31 péré ló yè. Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

A kò ní parọ́ fún ẹ̀yin ọmọ pé kíkọ́wọ̀ọ́rìn jẹ́ oògùn tí kì í tàsé. Ní September 1941, kọ́ńfọ́ì kan tí wọ́n ń pè ní SL 87 kúrò ní Freetown pẹ̀lú ọkọ̀ 11. Méje ló rì, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Edward Blyden, orúkọ ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tí àwọn àgbà wa bọlá fún. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo ogun náà papọ̀, àwọn tó jọ rìn ló yè jù.

TA LÓ WÀ LÁBẸ́ ÀSÍÁ NÁÀ?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Àwọn atukọ̀ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àsíá pupa yẹn, owó tí wọ́n ń san fún wọn kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Tọ́pídò kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín olówó ńlá àti olówó kékeré. Àsíá náà ń dáàbò bò wọ́n lápá kan, kò sì kà wọ́n sí ọmọ ilé lápá kejì. Ẹ̀yin òbí tó ti gba ìwé àṣẹ ìgbélùú níbí mọ ohun tí à ń sọ.

Ní Amẹ́ríkà níbí pẹ̀lú, wọ́n fi orúkọ àwọn adúláwọ̀ sọ díẹ̀ nínú àwọn Liberty ship. Èyí àkọ́kọ́ ni Booker T. Washington, tí olórin Marian Anderson ṣí ní September 29, 1942. Hugh Mulzac ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó kó adúláwọ̀ nìkan sínú ọkọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní àfi kí dúdú àti funfun jọ ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Òmíràn ń jẹ́ John Hope. Bí ẹ bá kúrò ní Downtown tí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, ẹ ti dé àwọn yunifásítì tí ọkùnrin yìí darí: Morehouse láti 1906, lẹ́yìn náà Atlanta University láti 1929. Ọ̀dà eérú ló bo ọkọ̀ náà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Atlanta ló ń jẹ́ lábẹ́ ọ̀dà náà.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ọ̀RỌ̀ WA RÈÉ

Ó lójú òbí tó ti sọ fún wa pé ọmọ òun kò fẹ́ kí tíṣà pe orúkọ òun tán mọ́. Olúwafúnmiláyọ̀ nílé, Faye nílé ìwé. Òmíràn kò jẹ́ kí ìyá òun bá òun sọ Yorùbá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Àgbàlagbà pàápàá wà nínú wa tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú kó tó fi ìwé wáṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọ̀pọ̀ ìyá, ó sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ.

Àwa kò ní sọ pé kí ẹ na ọmọ lórí rẹ̀. Ọ̀dà eérú ni ọmọ náà fi kun ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kun ara rẹ̀ ní eérú, ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Iṣẹ́ òbí ni láti jókòó tì í, kó rọra béèrè pé: "Ta ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Kí ni wọ́n sọ? Ní kíláàsì wo?" Bí ó bá jẹ́ pé ìdààmú gidi wà níbẹ̀, ẹ lọ bá tíṣà, ẹ má sì dá lọ. Ẹ mú ẹnìkan dání nínú ẹgbẹ́ tó mọ bí ilé ìwé ìhín ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ogun ti tán níbẹ̀ tipẹ́, tí ẹ̀rù nìkan ló kù, ọmọ nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ó lè ha ọ̀dà yẹn kúrò.

Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀dà wà lára títí tí ẹnikẹ́ni kò fi rántí àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tí ọkọ̀ fi jẹ́ aláwọ̀ eérú, wọn kò gbàgbé pé òpó èéfín oníyeyè ni tiwọn. Ogun parí ní 1945, wọ́n padà sí àwọ̀ wọn. Ní 1951 Elder Dempster gbé Aureol jáde, ọkọ̀ funfun báláú, òpó èéfín oníyeyè. Àwọn kan nínú àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wa ló bá a lọ sí Liverpool lọ kàwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ fún yín. Nílé tiwa, ìrántí àwọ̀ yẹn ni kí ọmọ mọ orúkọ rẹ̀ tán, kó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó mọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìdí tó fi sọ ọ́, kó sì mọ oríkì rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ bá mọ ilé náà, Faye tí wọ́n ń pè é níta kò lè gbé e sọnù.

Ẹ̀kejì ni ti àjọrìn. Ìdílé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ń dà láàmú kì í sábà pariwo. Ńṣe ni wọ́n máa ń dẹwọ́ wíwá sí ìpàdé. Oṣù kan, oṣù méjì, wọ́n ti rẹ̀yìn. A bẹ yín, bí ẹ kò bá rí ìdílé kan ní ìpàdé méjì, ẹ tẹ̀ wọ́n láago. Ẹ má béèrè owó ẹgbẹ́ kí ẹ tó béèrè àlàáfíà wọn. Bí ẹni tó lọ́ra jù ṣe lè rìn ni ká jọ máa rìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ Yorùbá àwọn ọmọ fi wà ní Downtown. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin MARTA pàdé ní Five Points, ẹni tí kò ní mọ́tò á dé, ẹni tó ní mọ́tò náà á dé.

FÚN ẸYIN ỌMỌDÉ

Ẹ mú bébà àti kíréyọ̀nù. Ẹ ya ọkọ̀ ojú omi méjì. Ẹ kun ọ̀kan ní àwọ̀ eérú, kí ẹ má kọ orúkọ sí i. Èkejì, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù yín, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i tán, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí àmì ohùn wà, ẹ bi àgbà.

Ẹ wá ya àsíá nídìí ọkọ̀ kejì. Ṣé ẹ mọ̀ pé àsíá tí ọkọ̀ oníṣòwò Nàìjíríà ń ta kì í ṣe àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé lásán? Pupa ni, àsíá Nàìjíríà sì wà ní igun òkè rẹ̀. Taiwo Akinkunmi, ọmọ Ìbàdàn tó ń kàwé ní London nígbà náà, ló ya àsíá Nàìjíríà tí wọ́n kọ́kọ́ fà sókè ní October 1, 1960. Ó kú ní 2023. Nàìjíríà tiẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ láti 1959 títí di 1995, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ Oduduwa.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ máa dáhùn:
1. Kí ló dé tí wọn kì í da ìdọ̀tí sómi lọ́sàn-án?
2. Kí ni gbogbo ọkọ̀ máa ń ṣe nígbà tí ọ̀gá kọ́ńfọ́ì bá sọ àsíá kalẹ̀?
3. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ, kí sì ni orúkọ náà túmọ̀ sí?

Ẹ mú àwòrán àti ìdáhùn yín wá sí Downtown ní Sátidé tó ń bọ̀. A ó lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri, ní ìlà ìlà, bí kọ́ńfọ́ì. Kí ẹnikẹ́ni má fi tirẹ̀ sílé o. Ó dìgbà kan ná.